Àwọn Bàlúù Inú Pálọ̀ Tíṣà Afọláyan

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ béèrè Tíṣà Afọláyan, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé yóò sọ fún yín pé bàbá náà kò kú. Wọ́n ní ó wọ inú bàlúù rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó gbéra láti ẹ̀yìnkùlé, ó yí àpáta Olósùnta po lẹ́ẹ̀kan, ó sì forí lé òkè òkun láti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta gaàrí ní Ìṣẹ̀ búra pé ó juwọ́ sí òun. Awakọ̀ kan ní Èmùré ní òun kò rí i ní tòun, ṣùgbọ́n páànù òrùlé òun mì. Bí ẹ bá sọ pé ẹ wà níbi ìsìnkú rẹ̀, wọn á wò yín tàánú-tàánú, wọn á ní, "Ṣé ẹ ṣí pósí náà wò?"

Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun, ìbáà jẹ́ mọ́tò, ìbáà jẹ́ ọ̀kadà, á gbé e wá ní ọjọ́ Ìsinmi tó gbẹ̀yìn oṣù kí Fíkà, àlùfáà ìjọ, lè gbàdúrà sí i. Tíṣà Afọláyan, ẹni tó ti kọ́ ìdajì ìlú ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì, lọ bá akọ̀wé ìjọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ó ní òun náà ní ọkọ̀ tí òun fẹ́ gbé wá. Akọ̀wé béèrè irú ọkọ̀ tó jẹ́. Tíṣà ní bàlúù ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ni. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé Tíṣà ló kọ́ òun náà, kò sì sí ẹni tí Tíṣà kọ́ tó jẹ́ bi í ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Fíkà ka àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá: mọ́tò Toyota kan, ọ̀kadà kan, bàlúù kan láti ọwọ́ Arákùnrin Afọláyan. Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ dìde, wọn kò dúró de orin ìjáde. Kí Fíkà tó dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìjọ ti wà níta, wọ́n gbójú sókè, ẹnìkan sì ti ń lé àwọn ọlọ́kadà kúrò lójú títì kí ọkọ̀ náà lè rí ibi bà sí.

Tíṣà jáde gbẹ̀yìn. Ó gbé nǹkan kan dání tí wọ́n fi gèlè funfun ìyàwó rẹ̀ wé, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó tú u. Bàlúù ni lóòótọ́. Ó funfun, ìrù rẹ̀ búlúù, ó gùn láti ìgúnpá Tíṣà dé orí ìka rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé èyí náà ni?"

"Òun náà ni, Fíkà. Wọ́n kàn dín in kù ní ọ̀nà mẹ́rìnlélógóje ni. Bí wọ́n bá dín ẹ̀yin náà kù bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní ju hóró àgbàdo lọ."

Fíkà béèrè ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Tíṣà ní ẹni tó wọ̀ ọ́ ti dé ọ̀hún. Gbọ́láhàn, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ni. Ìwé ìrìnnà ọmọ náà jáde lójijì, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀, kò sáyè kí ìjọ gbàdúrà fún un. Bí bàbá rẹ̀ ṣe rò ó nìyẹn: bí wọn kò bá lè gbàdúrà fún ọmọ mọ́, kí wọ́n gbà á fún ọkọ̀.

Fíkà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó gbọ́wọ́ lé bàlúù náà, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ìjàm̀bá lójú pópó. "Lójú òfurufú, Fíkà," ni Tíṣà wí. Fíkà ní kí ọlọ́pàá má dá a dúró láìnídìí. "Àwọn tó ń wo ìwé ìgbélùú ni kí ẹ sọ." Fíkà ní kí ẹni tó gbé lọ padà wálé láyọ̀. Àmín tí Tíṣà ṣe sí èyí ta àwọn ajá tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò jí, wọ́n sì sá lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Èmùré, bàlúù náà ti ń gba ọgọ́rùn-ún èrò.

Bùsọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, ló ti dá àṣà bàlúù yìí sílẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí Bùsọ́lá ń lọ sí ìlú Òyìnbó, Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, Florence, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Bùsọ́lá, sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú ní Èkó. Wọ́n dá àwọn òbí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gíláàsì, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ìyá Bùsọ́lá sunkún. Tíṣà ní tirẹ̀ lọ bá aṣọ́nà, ó ní bí òun kò bá lè rí ọmọ òun mọ́, kí ó kéré tán sọ orúkọ bàlúù tó ń gbé e lọ. Aṣọ́nà kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí títí ó fi rí ìrù bàlúù náà tó kọjá lókè, ó sì ya ìrù náà sẹ́yìn káàdì ìdìbò rẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni páálí àkọ́kọ́ tí ó rà dé. Kíìtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n já bàlúù sí wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀: apá lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀, táyà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lọ́tọ̀. Ẹni tó rà á ló máa fi abẹ gé wọn, tó máa fi sáńpépà ra wọ́n, tó máa fi gúlùù tò wọ́n pọ̀, tó sì máa kùn wọ́n lọ́dà. Ní ti àkọ́kọ́ yìí, Tíṣà fi apá òsì sí ọ̀tún. Ìyá Bùsọ́lá wò ó títí, ó ní, "Ṣé ohun tó gbé ọmọ mi lọ nìyí? Ẹ bá mi pè é, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó mọwọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, ó sì ní òfin tirẹ̀. Bàlúù ẹni tó wà lájò kò gbọdọ̀ ní táyà nídìí, nítorí pé bàlúù tó wà lókè ti ká táyà rẹ̀ wọnú. Á dí ihò táyà náà, á sì fi okùn ọ̀rá so bàlúù náà mọ́ àjà pálọ̀. Àwọn táyà á wà nínú agolo mílíìkì lórí fìríìjì. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wálé, ìbáà jẹ́ fún Kérésì, ìbáà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, á sọ bàlúù rẹ̀ kalẹ̀, á ṣí ihò rẹ̀, á lẹ táyà mọ́ ọn, á gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó parí. Bí ọmọ náà tún padà lọ, bàlúù kò padà sókè. Tíṣà ní ẹni tó bá ti wálé lẹ́ẹ̀kan ti mọ ọ̀nà.

Ọ̀ràn ńlá ni ti Olúyẹmí, ọmọ àárín, dá sílẹ̀. Ó lọ sí Kánádà, ó pè láti sọ pé òun ti dé, Tíṣà sì bi í ní bàlúù tó wọ̀. Olúyẹmí dáhùn láìfura pé èwo nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ ní Adisí lójú ọ̀nà. Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Bàlúù méjì gbé ọmọ kan, kíìtì méjì nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Bùsọ́lá ti di aṣojú ìrìn àjò. Ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tó bá ń lọ sí òkè òkun, Ìyá Bùsọ́lá á lọ bá a nílé, á kí i kú oríire, á wá fà á sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wọ ọkọ̀ tó ń lọ tààrà. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí Bàbá Bùsọ́lá gbọ́ pé wọ́n yà níbì kan, kó má baà tún ra kíìtì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Favour yà ní ibi mẹ́ta. Títí tí Tíṣà fi kú, gbogbo àdúgbò ló bá a pa á mọ́.

Ẹ má rò pé Tíṣà nìkan ni. Ní Ìṣẹ̀, Alàgbà Ọláníyì wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Bàlúù ogun nìkan ni tirẹ̀, àti pé kò ṣí ọ̀kan rí. Ó to àwọn páálí náà kan àjà, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára wọn, ó ní páálí tí wọ́n bá ti ṣí ti bàjẹ́. Bí àlejò bá dé, á mú ọ̀kan, á mì ín sí àlejò náà létí, á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó pé." Tíṣà gbọ́ títí, ó ní, "Ọláníyì, báwo lo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìrẹsì?"

Wọ́n fẹ́ràn ara wọn lọ́nà tí kò yé ẹnikẹ́ni. Bí kíìtì tuntun bá dé sọ́wọ́ ọ̀kan, á pe ìkejì. Ṣùgbọ́n nítorí etí àwọn ìyàwó wọn, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Wọn á ní, "Àlejò dé." Ìyá Bùsọ́lá á ní láti ilé ìdáná pé kí ni àlejò náà máa jẹ.

Ó ti sọ fún Tíṣà lẹ́ẹ̀kan pé páálí kan kò gbọdọ̀ wọ ilé mọ́ títí tí àwọn tó wà nílẹ̀ yóò fi tán. Ó fi èdè ìlú wọn sọ pé, "Ulé rè é, kì í ṣe pápákọ̀." Tíṣà gbà. Ohun tó wá ń ṣe ni pé ó ní kí wọ́n máa fi kíìtì ránṣẹ́ láti Èkó ní wéébíìlì, nínú ọkọ̀ èrò, kí wọ́n sì já a sọ́dọ̀ fọganáísà tó ń lẹ táyà nítòsí páàkì. Á wá fi àpò iṣu gbé e wọlé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, Ìyá Bùsọ́lá pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó sì bá a gba àpò náà, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rere.

"Bàbá Bùsọ́lá, uṣu yín mà fúyẹ́."

"Iṣu tuntun ni."

"Tuntun nínú oṣù kẹta?"

Tíṣà, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ènìyàn nípa àkókò òjò àti àkókò ẹ̀rùn, yíjú lọ ti géètì. Ìyá Bùsọ́lá gbé àpò wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kaná, ó ń kọrin. Nígbà tí ó di alẹ́, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀: ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ nínú abọ́ kan, àwo mìíràn tí wọ́n dé. Tíṣà ṣí i. Páálí bàlúù ló wà nínú àwo náà, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya ìlà sí i lójú bí iṣu tí wọ́n fẹ́ bó.

Ọ̀dà jẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n mìíràn. Èyí tí àwọn Òyìnbó ń lò kò sí ní ọjà wa, nítorí náà kútẹ́ẹ̀sì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná ni ó ń lò. Ó ní kò sí ohun tó ń dán bí i. Ìyá Bùsọ́lá jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó kun ọwọ́ ọ̀tún, ó fẹ́ kun ti òsì, ìgò ti gbẹ. Ó lọ sípàdé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ìyókù wà nídìí bàlúù Olúyẹmí.

Àwa ọmọbìnrin àdúgbò pàápàá kò jẹ́ kó gbádùn. Bí bàlúù bá ti kọjá lókè, a máa ké sí i láti ìta pé, "Tíṣà, irú wo nìyẹn?" Ó ti jáde rí tòun ti ọṣẹ lórí àti táwẹ́ẹ̀lì nídìí láti dá wa lóhùn. Adéṣẹwà, olórí ọ̀bàyéjẹ́ wa, bá gbọ́n sí i. Ó wá ìró bàlúù lórí fóònù, ó gbé e sábẹ́ fèrèsé pálọ̀. Tíṣà jáde, ó gbójú sókè, ó tẹ́tí, ó yí ìdí ilé po. Lẹ́yìn náà ni ó padà wọlé láìwo ibi tí a sá pamọ́ sí. Ó ní, "Ẹ pa fóònù yín. Bàlúù kì í dúró polówó ọṣẹ lójú ọ̀nà."

Nígbà tó yá, bàlúù Bùsọ́lá balẹ̀. Ó wálé fún Àjíǹde, ó sì fún ìyá rẹ̀ ní kútẹ́ẹ̀sì páálí kan. Ti Olúyẹmí méjèèjì balẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kìkì ti Gbọ́láhàn ló kù lókè, èyí tí Fíkà gbàdúrà sí.

Ìwé ìgbélùú Gbọ́láhàn kò jáde. Bó bá kúrò ní Amẹ́ríkà, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Bàlúù náà wà láàárín pálọ̀, ó sì sún wálẹ̀ díẹ̀ bí okùn rẹ̀ ṣe ń gbó, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wọlé tí kò forí gbá a. Ìyá Bùsọ́lá máa ń bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń gbálẹ̀: "Gbọ́láhàn, yà fún mi." Bí ọmọ náà bá pè lórí fídíò, Tíṣà á gbé fóònù sókè kó lè rí i. Á ní, "Wò ó. Epo inú rẹ̀ ń lọ o."

Gbọ́láhàn á rẹ́rìn-ín. Á ní kí Dádì fi ara balẹ̀, òun ń bọ̀.

Ẹsẹ̀ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní Adó ní ọkàn rẹ̀ ni, ó ní kó má gun àga mọ́. Ó ṣì ń gùn ún láti fi ìyẹ́ adìyẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára bàlúù Gbọ́láhàn. Ìyá Bùsọ́lá bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n lẹ táyà mọ́ ọn, kí ọkàn rẹ̀ lè sinmi.

"Florence, ọmọ tí kò tíì dé, báwo ni kí n ṣe sọ pé ó dé?"

Ọláníyì wá láti Ìṣẹ̀, ó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ní ta ni yóò mọ̀. Tíṣà ní òun yóò mọ̀. Ó ní òun kò sì lè gba ìmọ̀ràn ìbalẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo bàlúù tirẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Inú bí Ọláníyì. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde, ó sì forí gbá bàlúù náà bó ṣe ń lọ, èyí tó bu iyì ìbínú rẹ̀ kù. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò òjò yẹn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ìkejì le, àwọn ìyàwó wọn ló ń bá wọn béèrè.

Kérésì ku díẹ̀, Tíṣà jókòó nínú àga rẹ̀ lọ́sàn-án, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ rédíò. Ó gbọ́ bí orí kan ṣe dún mọ́ bàlúù. Kò yíjú.

"Rọra o. Gbọ́láhàn nìyẹn."

"Èmi ni, Dádì."

Ìwé ti jáde, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dúró síbẹ̀ tòun ti báàgì lọ́rùn, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí. Ìyá Bùsọ́lá jáde láti ilé ìdáná, ó rí i, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Tíṣà wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó wá sọ èyí tó mọ̀ ọ́n sọ.

"Bàlúù wo lo wọ̀ dé? Ṣé o yà lọ́nà?"

Gbọ́láhàn wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń mi orí kíákíá láti ilẹ̀ tó jókòó sí. Ọmọ tó ti sùn ní pápákọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní, "Rárá, sà. Tààrà ni."

Wọ́n sọ bàlúù kalẹ̀. Gbọ́láhàn ló gun àga. Tíṣà da agolo mílíìkì sórí tábìlì, ó ṣa àwọn táyà tó kù níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì bá a di gúlùù mú. Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n dúró kó gbẹ. Tíṣà gbé e sẹ́bàá fèrèsé níbi tí àwọn tó kù wà, ó sì tu ọwọ́ sílẹ̀.

Ìrù bàlúù náà lọlẹ̀. Imú rẹ̀ gbéra sókè, táyà iwájú kúrò nílẹ̀.

Tíṣà tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, ó tún tu ọwọ́, imú náà tún gbéra. Ìyá Bùsọ́lá ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ó tún fẹ́ lọ."

Tíṣà ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe irú rẹ̀ ní òkè òkun nìyẹn. Ó wá fi ìka kan tẹ imú bàlúù náà mọ́lẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì jókòó. Gbọ́láhàn ní kí wọ́n fi ìwé tì í nídìí. Tíṣà ní ṣé ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé ti bàlúù tó balẹ̀. Iyán dé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́, ìka òsì wà lórí imú. Àwọn aládùúgbò wá kí Gbọ́láhàn káàbọ̀, Tíṣà kò lè dìde fún ẹnikẹ́ni. Ó tòògbé bẹ́ẹ̀, ìka rẹ̀ kò kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó fi í sílẹ̀, á ní òun kò ní fi í sílẹ̀ kó tún fò.

Ìyá Bùsọ́lá bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó tẹ Ìṣẹ̀ láago.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọláníyì dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé páálí kan dání, ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì ń dán lára rẹ̀. Ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó ní kí Gbọ́láhàn fún òun ní abẹ, ó sì fà á gba ọ̀rá náà kọjá. Tíṣà fẹ́ dìde, ìka rẹ̀ ló dá a dúró.

"Ọláníyì, kí lò ń ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹsì ni."

Ó ṣí i. Nínú páálí náà, lábẹ́ àwọn apá àti ìrù tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí, ọ̀rá kékeré kan wà tó kún fún hóró irin. Àwọn tó ń tò bàlúù mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe: inú imú ni wọ́n ń kó o sí, kí ìrù má baà wúwo jù ú. Tíṣà kò gbàgbé rẹ̀ rí. Ó ti fi irú hóró irin bẹ́ẹ̀ sí imú ti Bùsọ́lá, ó fi sí ti Olúyẹmí méjèèjì, kó tó so wọ́n mọ́ àjà, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ó sọ fún Ọláníyì, kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Mo gbàgbé ti èyí. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà lọ ni mo tò ó."

"Mo mọ̀," ni Ọláníyì wí, ó yọ táyà iwájú, ó sì ń kó hóró irin náà gba ihò rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi gúlùù tẹ̀ lé e.

Nígbà tó tán, ó lẹ táyà náà padà, ó ní kí Tíṣà mú ìka kúrò. Tíṣà kò mú un. Ọláníyì tún un sọ. Ìyá Bùsọ́lá bẹ̀ ẹ́. Gbọ́láhàn wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti bàbá rẹ̀.

"Dádì, mo ti dé. Ẹ gbé e kúrò."

Ó gbé e kúrò. Bàlúù náà dúró lórí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò mì.

Ọláníyì jẹ iyán tó kù nílé náà kó tó padà sí Ìṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń bọ̀, ó máa ń mú páálí kan wá kí àwọn méjèèjì jọ ṣí i. Á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀ bí abẹ bá ti kan ọ̀rá. Gbọ́láhàn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun, Tíṣà sì sìn ín dé géètì nìkan. Kò bi í ní bàlúù tó fẹ́ wọ̀. Ó padà wọlé, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ní kí Florence bá òun gbé tíì wá. Ìyá Bùsọ́lá ní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Bùsọ́lá ti lọ, ọkọ òun mu tíì tán kó tó tutù.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tó kú. Nínú àga rẹ̀ ni, lọ́sàn-án, rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ. Níbi ìsìnkú, Fíkà gbàdúrà fún ìrìn àjò rẹ̀, ó ní kí ọ̀nà rẹ̀ dán, ó wá dánu dúró díẹ̀. Gbogbo wa mọ ohùn tó ń dúró dè, ohùn Tíṣà tó máa tún àdúrà náà ṣe fún un. Adéṣẹwà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun náà ló sì kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ìyá Bùsọ́lá ló ń nu àwọn bàlúù náà báyìí. Ó ní òun kò mọ̀ pé pálọ̀ òun fẹ̀ tó báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń sọ pé ó fi bàlúù lọ, ẹ bi Ìyá Bùsọ́lá, òun ló kọ́kọ́ wọlé bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Tíṣà Afọláyan kú, gbogbo bàlúù tó wà nínú ilé náà ló wà nílẹ̀.